Tíì Ọlọ́sàn Àmọ̀kẹ́

“Kóró inú rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ yọ dànù, Àmọ̀kẹ́. Èèpo ẹ̀ẹ̀rù ló ń ta sánsán. Kóró rẹ̀ ń korò bíi jogbo.”

Màmá Àgbà ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Orí àpótí kékeré ló jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná wa ní Agbowó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń bó tánjaríìnì sínú àwo. Èmi dúró ti gáàsì, mo ń yọ kóró ẹ̀ẹ̀rù bí ó ṣe wí. Inú ọbẹ̀ ata àti àgbo ìyá ọmọ ni mo ti mọ ẹ̀ẹ̀rù tẹ́lẹ̀. Màmá Àgbà ló kọ́ mi pé ó lè wọ inú tíì, kí ó sì dùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí tíì náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Màmá Àgbà ni ìyá tó bí bàbá mi. Àbẹ̀ḿbí ni oríkì rẹ̀, òun náà ló sì fún mi ní oríkì Àmọ̀kẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Nabeelah ni gbogbo ayé ń pè mí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá a fínra fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin. Dókítà fún un ní oògùn tí yóò máa lo hóró kan rẹ̀ ní àràárọ̀, láìfi ọjọ́ kan sílẹ̀. Tírélà ni bàbá mi ń wà lọ sí Kánò, a kì í sì í rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ìyá mi ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Dùgbẹ̀, kí aago méje àárọ̀ tó lù ló ti wọ takisí Máíkírà lọ. Nítorí náà, ìkáwọ́ èmi ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi oògùn Màmá Àgbà sí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ìyá mi máa ń bi mí lórí fóònù ni, “Nabeelah, ṣé Màmá ti lo oògùn?”

Màmá Àgbà máa ń ṣàròyé pé oògùn náà ń ba òun lẹ́nu jẹ́, pé ṣe ló dà bíi pé òun lá irin. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí yóò fi tẹ̀ lé e. Mo gbìyànjú oríṣiríṣi kí ó tó bọ́ sí i fún mi. Màá sá èèpo tánjaríìnì sórí nẹ́ẹ̀tì fèrèsé títí yóò fi gbẹ. Màá bọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ata ilẹ̀, kànáfùrù méjì àti èèpo ẹ̀ẹ̀rù. Bí omi náà bá ti hó, màá sọ ọ́ kalẹ̀ kí ooru rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, nítorí ewé gíríìn tíì kì í fẹ́ omi tó ń hó, ó máa ń korò ni. Lẹ́yìn náà ni màá da ewé tíì sí i, màá sẹ́ ẹ kí ó tó pẹ́ jù, màá fún ọsàn mímu àti ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, oyin ni yóò sì kẹ́yìn.

Ọjọ́ tí Màmá Àgbà kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ó dijú, ó gbé e mì, ó tún dijú.

“Èyí kì í ṣe tíì lásán,” ó ní. “Tíì Àmọ̀kẹ́ ni.”

Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti fi omi gbé oògùn mì, yóò na ọwọ́ sí mi fún ife tíì. Nígbà tí oṣù kejì pé, mo tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí wa láti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀rọ náà, ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀jẹ̀ yín ti wálẹ̀ dáadáa, Màmá. Oògùn yín ń ṣiṣẹ́. Ẹ má fi í sílẹ̀ o.” Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Wùnmí ni ọ̀rẹ́ mi ní kíláàsì. Bódìjà ni wọ́n ń gbé, fóònù rẹ̀ sì dára ju ti gbogbo wa lọ. Ọjọ́ tó mu tíì náà nílé wa, ó ní a gbọ́dọ̀ ṣe é ní fídíò. A ṣe é lóòótọ́. Mo fi ọ̀nà tí mo ń gbà sè é hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sọ pé ó dùn, mo sọ pé ìyá bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, àwọn tó wò ó kò ju àwa tí a wà ní kíláàsì lọ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní “Ìyá Alágbo ti dé” bí mo bá ti wọlé. Ó dùn mí ju bí mo ṣe jẹ́ kí wọ́n mọ̀ lọ.

“Nab, o ò mọ ọ̀nà ni,” Wùnmí sọ fún mi lọ́jọ́ Sátidé kan. “Ta ló ń wá tíì tó dùn? Sọ ohun tó ń wò fún wọn. Ṣé o ò ní ẹ̀jẹ̀ Màmá Àgbà ti wálẹ̀ ni?”

“Ó wálẹ̀. Àmọ́ ó ń lo oògùn.”

“Ṣé wọ́n bi ẹ́ ní ti oògùn ni? Ó mu tíì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Àbí irọ́ ni?”

“Wùnmí, kò dáa.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Olùkọ́ Yorùbá fúnra wọn ló kọ ọ́ sójú pátákó lánàá.”

Olùkọ́ wa kọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ ṣe ni wọ́n ń dárò ayé nígbà tí wọ́n kọ ọ́. Wùnmí lò ó bí ẹni ń gbani nímọ̀ràn. Èmi tí mo gba máàkì tó pọ̀ jù nínú ìdánwò òwe, mo mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ dáadáa. Mo kàn ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ni.

A ṣe fídíò kejì. Mo gbé Màmá Àgbà jókòó lẹ́yìn mi, mo wé gèlè fún un, mo fi ife tíì sí i lọ́wọ́. Mo ní kí ó máa mu ún, kí ó máa rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ̀rọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mo sọ pé ìyá mi àgbà nìyí, pé ẹ̀jẹ̀ ríru fẹ́ pa á tẹ́lẹ̀, pé kò lo oògùn òyìnbó kankan mọ́, pé tíì yìí nìkan ló ń mu, ara rẹ̀ sì ti yá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo mọ̀ọ́mọ̀ fi sọ ọ́. Màmá Àgbà kò gbọ́ èdè náà. Ó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, ó ń mu tíì rẹ̀, ó sì ń juwọ́ sí fóònù bí ẹni tó rí ọmọ rẹ̀ lókèèrè.

Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, fídíò yẹn ti wọ ibi tí n kò mọ̀. Wọ́n ń pè wá láti Challenge, láti Ring Road, láti Akobo. Wùnmí ń gba ìpè, èmi ń sè, mo ń sẹ́, mo ń rọ ọ́ sínú ike. Ní ilé ìwé, “Ìyá Alágbo” di “Dókítà Nab”. Olùkọ́ kan pàápàá ní kí n gbé méjì wá fún ìyá òun. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò kà sí tẹ́lẹ̀, orí rẹ̀ wú, kò gba fìlà mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Màmá Àgbà dé láti àsàláátù, ojú rẹ̀ ń dán. Èmi àti Wùnmí wà nílẹ̀, a ń lẹ ìwé mọ́ ara ike. Kò tíì bọ́ ìborùn rẹ̀ tó ti pè mí.

“Àmọ̀kẹ́, wá. Ọmọ Ìyá Kùdírátù, ọ̀rẹ́ mi ní àsàláátù, fi ẹ́ hàn mí nínú fóònù rẹ̀. Ó túmọ̀ ohun tí o sọ fún gbogbo wa. Ó ní o ní tíì rẹ ló wo ẹ̀jẹ̀ mi sàn, pé kì í ṣe oògùn.” Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú. “Èmi ò kàwé. Ìwọ lo ń ka sáyẹ́ǹsì. Ṣé òótọ́ ni?”

Mo gbójú sókè. Wùnmí ń wò mí, ó rọra mi orí pé kí n má jẹ́wọ́. Ike kún ilẹ̀ yàrá, orúkọ mi sì wà lára gbogbo wọn. Bí mo bá sọ pé irọ́ ni, Màmá Àgbà yóò padà sọ fún àwọn obìnrin àsàláátù, àwọn yẹn yóò sọ fún àwọn ọmọ wọn, èmi yóò sì tún di Ìyá Alágbo. Gbogbo èyí ni mo rò ní ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń mí ẹ̀ẹ̀kan. N kò ro ti Màmá Àgbà rárá.

“Òótọ́ ni, Màmá,” ni mo wí.

“Alihamudulilahi!” Ó fa orí mi mọ́ àyà. “Àmọ̀kẹ́ mi ti di dókítà. Ọlọ́hun, o ṣeun.”

Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni nǹkan ti yí padà, ojú mi ni kò sí níbẹ̀. Bí mo bá gbé oògùn dé, Màmá Àgbà yóò ní, “Gbé e sílẹ̀ síbí, jẹ́ kí n kírun tán.” Bí mo bá padà dé, oògùn kò sí nílẹ̀ mọ́. “Mo ti lò ó,” ni yóò wí. Tẹ́lẹ̀, n kì í kúrò níwájú rẹ̀ títí yóò fi gbé e mì. Àmọ́ ọsàn ń dúró dè mí, omi ń hó, àwọn oníbàárà ń pe fóònù. Bí ìyá mi bá pè láti Dùgbẹ̀, màá dáhùn láìwẹ̀yìn, “Ó ti lò ó, Mọ́mì.”

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Sátidé ni. Oòrùn ti là, ìyá mi ti lọ síbi iṣẹ́. Wùnmí wá kó ike, Màmá Àgbà sì wà lórí àpótí rẹ̀, ó ń bá wa fún ọsàn. Ó ń sọ ìtàn kan nípa ìgbà tó wà lọ́mọge, a sì ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo rò pé ó ń sín ẹnìkan jẹ, mo tún rẹ́rìn-ín sí i. Ọsàn bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó yí gbiri wá sí ẹsẹ̀ mi. Màmá Àgbà wo ọwọ́ náà bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì rọra ṣubú kúrò lórí àpótí.

“Màmá! Màmá Àgbà!”

Ariwo mi ló kó àwọn ará ilé jáde. Ọkùnrin mẹ́ta ló gbé e sínú Máíkírà, mo gbé orí rẹ̀ lé itan. Gbogbo ọ̀nà ni mo ń pe orúkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ là, ó ń wò mí, kò lè fèsì.

Dókítà sọ fún wa pé àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga kọjá bó ṣe yẹ. Ó yíjú sí ìyá mi. “Ṣé Màmá ń lo oògùn wọn déédéé?”

“Ojoojúmọ́ ni,” ìyá mi dáhùn. “Ọmọ mi yìí ló ń fún wọn.”

“Ojoojúmọ́ ni, sà,” èmi náà wí. Lójú ara mi, òótọ́ ni mo sọ. Ìyá mi na ọwọ́, ó gbá mi mọ́ra, ó ní kí n má sunkún, pé mo ti gbìyànjú.

Ọjọ́ kẹta ni Ìyá Kùdírátù wá wò wá nílé ìwòsàn. Obìnrin arúgbó ni, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó wo Màmá Àgbà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó mi orí, omijé ń dà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tú etí ìró rẹ̀, ó yọ ọ̀rá kékeré kan, ó nà án sí ìyá mi.

“Ẹ gbà, ìyàwó wa. Ìyókù oògùn Àbẹ̀ḿbí nìyí. Bóyá ó máa wúlò fún un báyìí.”

Ìyá mi gba ọ̀rá náà, ó wò ó. “Oògùn wo, Màmá?”

“Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ni. Àìsàn kan náà ló ń ṣe wá, n kò sì rí tèmi rà mọ́. Ó ní òun kò nílò tòun mọ́, pé tíì ọmọ òun ti wo òun sàn. Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta ló ti ń kó o wá fún mi ní àsàláátù, ó ní sàárà ni.” Ó fi etí ìborùn nu ojú. “Mo ní kí ó bi ọmọ náà dáadáa. Ó ní òun ti bi í, ó sì ní òótọ́ ni.”

Ìyá mi yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀. Kò pariwo. Ì bá sàn fún mi kí ó pariwo.

“Nabeelah, kí lo sọ fún Màmá?”

Ibẹ̀ náà ni mo ti kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì títí dé ọjọ́ tí Màmá Àgbà di ọwọ́ mi mú. Nígbà tí mo sọ tán, ìyá mi jókòó sórí àga, ó gbé ojú bọ ọwọ́. “Bàbá rẹ ń bọ̀ láti Kánò,” ó ní. “Ìwọ ni wàá sọ fún un. Èmi ò ní lè sọ ọ́.” Mo sọ fún un. Bàbá mi kò nà mí. Ó jáde síta, ó dúró ti ògiri, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

“Pa fídíò yẹn rẹ́, kí o sì dákẹ́,” ni Wùnmí sọ fún mi. A pa á rẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn ènìyàn ti fi ránṣẹ́ sí ara wọn káàkiri. Lọ́jọ́ tí a pa á rẹ́ gan-an, ọkùnrin kan pè mí láti Challenge, ó fẹ́ ike mẹ́fà sí i. Ó ní ìyàwó òun ti ju oògùn tirẹ̀ nù láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo kígbe sí i lórí fóònù pé kí ìyàwó rẹ̀ padà sí oògùn, pé irọ́ ni mo pa. Ó kọ́kọ́ rò pé n kò fẹ́ tà á fún òun mọ́ ni. Nígbà tó yé e, ó gbé mi ṣépè, èpè náà sì wà létí mi títí di òní. N kò sì mọ bí ìyàwó náà ṣe ṣe lẹ́yìn náà. Mélòó ni wọ́n tí wọn kò pè mí?

Mo ṣe fídíò kẹta. Èdè Yorùbá ni mo fi sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí, kí àwọn ìyá àsàláátù lè gbọ́ ọ láìsí ògbufọ̀. Mo sọ pé oògùn ló mú ẹ̀jẹ̀ ìyá mi àgbà wálẹ̀, pé tíì mi kò wo ohunkóhun, pé kí ẹnikẹ́ni tó bá fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí mi padà lọ bá dókítà rẹ̀. Àwọn tó wò ó kò tó ìdá mẹ́wàá àwọn tó wo irọ́ náà. Òwe olùkọ́ wa ṣẹ mọ́ mi lára.

Màmá Àgbà padà sílé lẹ́yìn oṣù kan. Ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹnu tó máa ń sọ ìtàn, tó máa ń ki mí ní oríkì, ohùn kan ṣoṣo tí kò ní ìtumọ̀ ló ń jáde níbẹ̀. Àárọ̀ àkọ́kọ́ tó lò nílé, mo gbé oògùn rẹ̀ wá. Ó mi orí. Ó na ọwọ́ òsì sí ọ̀nà ilé ìdáná, sí ibi tí ìkòkò tíì wà. Ó tún nà án, ó sì gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín sí mi pẹ̀lú apá kan ẹnu tó kù fún un.

Nígbà náà ló yé mi pé nínú gbogbo ayé, Màmá Àgbà nìkan ló kù tó ṣì gbà mí gbọ́. Tíì mi ló fẹ́ fi wo ara rẹ̀ sàn.

Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. “Màmá, ẹ má bínú. Irọ́ ni mo pa fún yín. Tíì yẹn kò wò yín sàn. Oògùn yín ni. Mo mọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bi mí, mo sì sọ fún yín pé òótọ́ ni.”

Ó wò mí pẹ́. Omi jáde ní ojú rẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ó rọra la ẹnu, mo fi hóró oògùn náà sí i, mo sì dúró títí ó fi gbé e mì.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ má ṣe fi ìlera ènìyàn wá orúkọ. Irọ́ tí ẹ rò pé àwọn tí ẹ kò mọ̀ rí lẹ ń pa á fún, ẹni tó fẹ́ràn yín jù ló máa kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Bí wọ́n bá sì bi yín pé ṣé òótọ́ ni, ibẹ̀ ni kí ẹ ti sọ ọ́, kí ìtìjú yín tètè tán.

Ó lè jẹ́ pé Màmá Àgbà ti dárí jì mí. Ó lè jẹ́ pé kò tíì dárí jì mí. N kò lè mọ̀, nítorí ẹnu tí ì bá fi sọ ọ́ fún mi ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀.